Bí Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Àwọn Obìnrin Ṣe Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ ní Yunifásítì Tennessee

Ní ọdún 2024, nínú Ìdíje Òlíńpíìkì tí ó wáyé ní ìlú Paris, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, D'Tigress, borí Australia àti Canada. Báyìí ni wọ́n di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tí yóò dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú eré náà. Ayọ̀ gba orílẹ̀-èdè kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ayọ̀, ó tọ́ kí á béèrè ibi tí a ti kọ́ àwọn akọni wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti Rena Wakama tí ó jẹ́ ọ̀gá wọn pẹ̀lú, ni ó jẹ́ pé ní yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù náà dé ojú àmì. Àwọn yunifásítì wọ̀nyí kò sì ṣàdédé di ibi tí ọmọbìnrin ti ń rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Ìtàn Yunifásítì Tennessee, tí ó wà ní ìlú Knoxville, fi èyí hàn gbangba.

Ọdún 1891 ni James Naismith dá eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní ọdún 1892, olùkọ́ obìnrin kan, Senda Berenson, ti mú un wọ Smith College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé eré agbára yóò ba ara obìnrin jẹ́, yóò sì sọ ìwà rẹ̀ di ti ọkùnrin. Nítorí èyí, Berenson fi ìlà pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọjá ìlà tirẹ̀ tàbí láti já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn obìnrin Stanford bá ti Yunifásítì California pàdé ní ọdún 1896, tí Stanford sì fi àmì 2 sí 1 borí, a kò jẹ́ kí ọkùnrin wọlé wá wòran.

Ìlà náà kò tètè parẹ́. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìpínlẹ̀ Tennessee, ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1970 parí kí ó tó kúrò nílẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́fà ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní apá kan pápá, mẹ́ta yòókù ń dènà ní apá kejì, kò sì sí èyí tí ó gbọdọ̀ kọjá àárín.

Inú irú ayé báyìí ni a bí Pat Head sí ní ọdún 1952, ẹni tí a wá mọ̀ sí Pat Summitt lẹ́yìn tí ó lọ sílé ọkọ. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó sún mọ́ wọn kò ní ẹgbẹ́ ọmọbìnrin, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Henrietta tí kò jìnnà, kí ọmọ wọn lè máa gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó dé yunifásítì, kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún obìnrin nítorí bọ́ọ̀lù bí ó ti wà fún ọkùnrin. Àwọn òbí rẹ̀ ni ó sanwó.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin kan tí a ń pè ní Title IX. Òfin yìí kò dárúkọ bọ́ọ̀lù níbì kankan. Ohun tí ó wí ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ètò rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Gbólóhùn kúkúrú yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí kò túmọ̀ sí pé oúnjẹ ti wà nínú ilé.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Yunifásítì Tennessee fi Pat Head ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ obìnrin rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 péré ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn tí ó ń kọ́ lọ. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 250 dọ́là. Òun ni ó ń wa ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sí òde ìdíje, òun náà ni ó sì ń fọ aṣọ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, Mercer fi àmì 84 sí 83 borí wọn. Síbẹ̀, kí ọdún ìdíje náà tó parí, wọ́n ti borí nígbà 16, wọ́n sì pàdánù nígbà 8.

Ohun tí ó gbé ẹgbẹ́ náà ga kì í ṣe akitiyan ẹnì kan ṣoṣo, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Yunifásítì náà dá ẹ̀ka eré ìdárayá àwọn obìnrin sílẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó tirẹ̀ àti olórí tirẹ̀. Láti ọdún 1983 títí di 2012, Joan Cronan ni ó wà lórí àga náà. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin kò ní láti dúró de èérún tí ó bọ́ láti orí tábìlì àwọn ọkùnrin.

Èso rẹ̀ kò yá. Ọdún 13 ni Summitt lò kí ó tó gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ọdún 1987. Lẹ́yìn náà ó gbà á ní 1989, 1991, 1996, 1997, 1998, 2007 àti 2008. Ní ọdún ìdíje tí ó parí ní 1998, ìdíje 39 ni wọ́n ṣe, wọn kò pàdánù ẹyọ kan. Nígbà tí ó fi máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti borí nígbà 1,098. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ará Tennessee fi ń yangàn jù ni pé gbogbo ọmọbìnrin tí ó lo àkókò rẹ̀ pé lábẹ́ rẹ̀ ni ó gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì. Nicky Anosike, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ní 2007 àti 2008, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì kà jáde.

Ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn sọ fún Summitt pé àrùn ìgbàgbé tí a ń pè ní Alzheimer ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún kan sí i, ó sì fi í lé Holly Warlick lọ́wọ́, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Ó kú ní ọdún 2016, ní ẹni ọdún 64. Títí di ọdún 2025, Tennessee kò tún gba ife-ẹ̀yẹ náà mọ́.

Apá kan ìtàn yìí korò. Ní ọdún 1972, nínú ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́wàá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ó lé ní mẹ́sàn-án tí obìnrin ń kọ́. Nígbà tí òfin mú owó àti iyì wọ inú iṣẹ́ náà, àwọn ọkùnrin náà wọlé, àwọn obìnrin tí ń ṣe ọ̀gá kò sì tó ìdajì mọ́. Òfin lè pín àǹfààní, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́.

Nítorí náà, bí Nàìjíríà bá ń fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ máa kọ́ eré yìí dé góńgó nílé, ife-ẹ̀yẹ kọ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ya owó tí ó dájú sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ obìnrin, kí ó fi ẹni tí ó mọ iṣẹ́ sípò, kí ó fún un ní ọdún tí ó pọ̀ tó, kí ó sì rí i dájú pé kò sí ọmọbìnrin tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún un tí yóò jáde láìgba ìwé-ẹ̀rí. Ọdún 13 kọjá ní Knoxville kí ife àkọ́kọ́ tó dé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lé ọ̀gá náà lọ.