Ogún Owó Onírin: Bí Wọ́n Ṣe Ta Àkójọ Eliasberg

Ọ̀rọ̀ ogún kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Bí òkú bá fi ilé sílẹ̀, àwọn ọmọ lè máa gbé inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oko kòkó ni, wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, wọ́n sì lè pín in ní orí-ò-jorí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó onírin àtijọ́ ńkọ́, tí ẹni tí ó ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣà jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ó mọ èyí tí ó tó ilé rà àti èyí tí kò tó búrẹ́dì rà? Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó délẹ̀ ní ìlú Baltimore ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí Louis Eliasberg kú ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Eliasberg kì í ṣe ọmọ ọba, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìlú Selma ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1896, ilé-iṣẹ́ tí ń yá ènìyàn lówó ni ó sì fi là ní Baltimore. Ọdún 1925 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó àtijọ́ jọ, bí ẹni tí ń ṣeré. Ohun tí ó sọ eré náà di iṣẹ́ ni òfin kan tí Ààrẹ Franklin Roosevelt gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1933, pé kí gbogbo ará ìlú kó owó wúrà ọwọ́ wọn wá fún ìjọba. Òfin náà yọ owó wúrà tí ó ṣọ̀wọ́n, tí àwọn olùkójọ ń wá, sílẹ̀. Ojú ihò kékeré yìí ni Eliasberg gbà wọlé. Láti ọdún 1934 ni ó ti dojú kọ owó wúrà gan-an, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ Amẹ́ríkà fi lè ní wúrà púpọ̀ nílé láì rú òfin nìyẹn. Ó yẹ kí èyí yé ènìyàn dáadáa kí ó tó gbọ́ ìyókù ìtàn yìí: ìfẹ́ ohun àtijọ́ nìkan kọ́ ni ó sún ọkùnrin náà ṣe ohun tí ó ṣe. Ọlọ́wọ̀ ọgbọ́n ni nínú ìṣòwò, ó sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohun tí òun ń rà, ẹnìkan yóò tà á lọ́jọ́ kan.

Ní ọdún 1942, ó ra odindi àkójọ ìdílé Clapp ní 100,000 dọ́là. Bàbá àti ọmọ ni àwọn Clapp. Bàbá, tí ó jẹ́ oníṣòwò epo rọ̀bì, ti ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìrọwó ìjọba láti nǹkan bí ọdún 1893 pé kí wọ́n fi owó tuntun ṣọwọ́ sí òun, iye tí wọ́n kọ sára owó náà gan-an ni ó sì ń san. Owó tí ó rà ní dọ́là kan lọ́jọ́ náà ti di ohun iyebíye kí ọmọ rẹ̀ tó kú. Àwọn tí ó jogún kò tú àkójọ náà ká. Wọ́n wá ẹni kan tí agbára rẹ̀ ká a, ilé-iṣẹ́ Stack's ní New York sì ṣe alágbàtà láàárín wọn. Ọ̀nà kan nìyẹn láti gbà ta irú ogún bẹ́ẹ̀: odidi, ní kọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wàhálà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí yóò fi kún iye tí oníbàárà bá dá.

Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀nba ni ó kù kí Eliasberg ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo owó onírin tí ìjọba Amẹ́ríkà tíì rọ, ní ti ọdún tí wọ́n rọ ọ́ àti ní ti ilé ìrọwó tí ó ti jáde. Èyí tí ó rí kẹ́yìn jẹ́ owó fàdákà sẹ́ǹtì 10 tí wọ́n rọ ní Carson City, ní ìpínlẹ̀ Nevada, ní ọdún 1873. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìjọba ṣe òfin tí ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún ìwúwo owó fàdákà, wọ́n sì ní kí wọ́n ya ọfà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọdún tí ó wà lára àwọn tuntun kí wọ́n má bàa pò mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Carson City ti rọ 12,400 tí kò ní ọfà kí òfin náà tó múlẹ̀. Wọ́n yọ́ wọn padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ayé mọ̀ pé ó bọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1950, Eliasberg san 4,000 dọ́là lórí rẹ̀, àkójọ rẹ̀ sì pé. Ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán àkójọ náà jáde ní ọdún 1953. Kò sí ẹni tí ó tíì ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń ta ohun tí ó pé? Àwọn tí ó ti kú ṣáájú Eliasberg ti fi àpẹẹrẹ sílẹ̀, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára.

Virgil Brand, ẹni tí ó ní ilé ìpọntí ní Chicago, kó owó tí ó lé ní 350,000 jọ kí ó tó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1926. Kò ní aya, kò sì bímọ. Gbogbo ohun tí ó bá rà ni ó ń kọ sínú ìwé ńlá: irú owó náà, ọjọ́ tí ó rà á àti iye tí ó san. Ohun kan ṣoṣo tí kò kọ ni ìwé ìhágún. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, Armin àti Horace, ni ó jogún rẹ̀, àáwọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n pín owó náà, wọ́n ń tà á díẹ̀díẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún oníṣòwò kan lónìí àti fún òmíràn lọ́la, àwọn ọdún tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà sì dẹnu kọlẹ̀ wà lára àwọn ọdún tí wọ́n fi tà á. Nígbà tí ó fi di ọdún 1983, ọdún kẹtàdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn ikú Brand, wọ́n ṣì ń rí nínú owó rẹ̀ tà ní gbangba. Ìwé ńlá rẹ̀ ni ó wà ní àpapọ̀ títí di òní, ní ọ̀dọ̀ American Numismatic Society ní New York. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí orúkọ àwọn owó náà, kò ní rí owó.

Ti Farouk, ọba Íjíbítì, tún yàtọ̀. Àwọn ológun lé e kúrò lórí oyè ní oṣù keje ọdún 1952, ìjọba tuntun sì gba dúkìá rẹ̀. Owó onírin àti àmì-ẹ̀yẹ tí ó tó 8,500 wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sotheby's ti ìlú London ni wọ́n ní kí ó tà á ní gbàǹjo ní ààfin Koubbeh ní ìlú Káírò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1954. Àkókò kò tó, ọjà sì pọ̀, nítorí náà wọ́n ń di owó púpọ̀ pọ̀ bí ẹni di ewé, wọ́n sì ń ta ìdì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n bá èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ. Àwọn oníbàárà díẹ̀ tí ó rí owó ọkọ̀ san dé Íjíbítì rẹ́rìn-ín padà sílé. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ owó wúrà 20 dọ́là kan ti ọdún 1933 kúrò nínú ọjà náà, nítorí pé wọn kò ná irú rẹ̀ rí. Ẹyọ kan tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun náà ni ni wọ́n tà ní 7.59 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2002, àti ní 18.9 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2021.

Àwọn kan kò tilẹ̀ tà. Josiah Lilly, ti ìdílé tí ó ní ilé-iṣẹ́ apoògùn, fi owó wúrà 6,113 sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 1966. Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian gbà á ní odindi, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì ṣe òfin ní ọdún 1968 pé kí wọ́n yọ 5,534,808 dọ́là kúrò nínú owó orí tí ìjọba ìbá gbà lórí ogún rẹ̀. Ní ìlú Baltimore gan-an, àwọn Garrett ti fi àkójọ tiwọn jin Yunifásítì Johns Hopkins ní ọdún 1942. Ṣùgbọ́n yunifásítì náà rí i pé iṣẹ́ olùṣọ́ wúrà kọ́ ni iṣẹ́ òun. Láàárín ọdún 1979 sí 1981, ó tà á ní gbàǹjo lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì rí nǹkan bí 25 mílíọ̀nù dọ́là. Kò sí iyèméjì pé ìdílé Eliasberg gbọ́ èyí.

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bi olùkọ́ ni pé kí ni ó ń mú owó kan wọ́n jù òmíràn lọ. Ọjọ́ orí nìkan kọ́, ìtàn nìkan sì kọ́. Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Ní ọdún 1936, wọ́n rọ ọ̀níní, eépìnnì àti kọ́bọ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ, ọba tí ó fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà kí wọ́n tó dé e ládé. Owó tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ kò pọ̀ ní ilẹ̀ ọba rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ìyá arúgbó ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi ọ̀níní rẹ̀ tí ó ní ihò láàárín ra ata. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n rọ ọ́ púpọ̀, nítorí náà iye rẹ̀ kò ga. Iye ń wá láti inú pé ohun náà kò pọ̀, pé ó wà bí wọ́n ṣe rọ ọ́, àti pé ó ju ẹni kan lọ tí ń wá a. Ẹni tí ó bá sì fi eérú tàbí ọṣẹ fọ owó àtijọ́ kí ó lè máa dán, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ba iye rẹ̀ jẹ́.

Eliasberg kò ṣe bíi ti Brand. Ó ṣètò ogún rẹ̀: owó wúrà di ti Louis, ọmọ rẹ̀, owó fàdákà, ti nikẹ́ẹ̀lì àti ti bàbà di ti Richard, àbúrò rẹ̀. Ètò náà bá ẹ̀tọ́ mu, kò sì dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àkójọ tí ó gba ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí ó tó pé, ọjọ́ tí wọ́n pín in ni kò pé mọ́. Ó ṣòro láti sọ pé bàbá náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ó yan àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ ju ògo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Louis ni ó kọ́kọ́ tà. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, ìwọ̀n áúnsì wúrà kan ti ga ju 800 dọ́là lọ, fàdákà sì súnmọ́ 50 dọ́là, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kó owó fàdákà bàbá wọn lọ fún àwọn tí ń yọ́ ọ. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1982, wúrà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 dọ́là. Ẹni tí ó bá ń wo iye wúrà nìkan ìbá sọ pé ọjà ti tú. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 27 sí 29 oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Bowers and Ruddy ta owó wúrà Eliasberg ní New York. Wọn kò kọ orúkọ ìdílé náà sí iwájú ìwé àkójọ ọjà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ ẹni tí ó ni wúrà. Ó pa 12.4 mílíọ̀nù dọ́là. Owó wúrà 5 dọ́là kan ti ọdún 1822, àti 3 dọ́là kan tí San Francisco rọ ní ọdún 1870, pa 687,500 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ènìyàn mọ bí iye yìí ṣe jẹ́: 625,000 ni oníbàárà pè; ìdá 10 nínú 100 tí ó kù jẹ́ làdà tí olùtà ní gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà, yàtọ̀ sí ohun tí ó bá bá ẹni tí ó ni ọjà ṣàdéhùn rẹ̀.

Richard dúró fún ọdún mẹ́rìnlá sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996 ni wọ́n ta apá kìíní tirẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1997 ni wọ́n sì ta èkejì. Èkínní pa 11.6 mílíọ̀nù dọ́là, èkejì pa 20.9 mílíọ̀nù. Owó nikẹ́ẹ̀lì sẹ́ǹtì 5 ti ọdún 1913, tí márùn-ún péré rẹ̀ wà láyé, pa 1,485,000 dọ́là, òun sì ni owó onírin àkọ́kọ́ tí ó kọjá mílíọ̀nù kan ní gbàǹjo.

Àwọn kan sọ pé Richard gbọ́n ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Wúrà kọ́ ni wọ́n fún un, nítorí náà ohun tí àwọn méjèèjì tà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ní ìparí ọdún 1982, ìwé ẹ̀yáwó ìjọba Amẹ́ríkà ń mú èrè tí ó lé ní ìdá 10 nínú 100 wá lọ́dún. Ẹni tí ó bá fi 12.4 mílíọ̀nù sí ìdá 10 fún ọdún mẹ́rìnlá, tí ó ń dá èrè padà sórí rẹ̀, yóò rí nǹkan bí 47 mílíọ̀nù kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe bákan náà ni ó ṣe pàtàkì: wọ́n gbé ọjà lọ síbi tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti lè bá ara wọn du ú, wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, wọn kò sì tà á lábẹ́ ìpọ́njú.

Owó sẹ́ǹtì 10 ti Carson City wà nínú ọjà ti ọdún 1996. Ó pa 550,000 dọ́là. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, wọ́n tún un tà ní 1,840,000. Kò tíì sí ẹni tí ó rí ìkejì rẹ̀.