Òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́ka ìgbaniwọlé: ìgbìmọ̀ wo ló ń ṣe kí ni, ibo sì ni àkọsílẹ̀ wà?

Lọ́dọọdún, tí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí ní Ìgbòho, Ṣakí, Kíṣí àti Ìgbẹ́tì: "Ta ni ká lọ rí?" Èrò wọn ni pé ẹnì kan wà nínú ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ pé tó bá ti mi orí báyìí, ọmọ ti wọlé nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ẹ̀ka ìgbaniwọlé náà lè gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó sídìí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń gba ọmọ wọlé. Orúkọ ọmọ máa ń ti ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn kó tó di ìwé ìgbàwọlé. Òṣìṣẹ́ tí kò bá mọ ibi tí orúkọ náà dé lónìí lè jẹ́ kí ọmọ tó yege pàdánù àyè rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣèkà sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka yìí la kọ àlàyé yìí fún, yálà yunifásítì lẹ wà, tàbí politẹ́kíníìkì, tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni. Ẹ̀yin òbí àti ọmọ ilé ìwé, ẹ bá wa kà á pẹ̀lú, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè.

Ìdí tó fi di iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe

Kó tó di 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìgbàwọlé tirẹ̀. Ọmọ tó bá lágbára lè gba fọ́ọ̀mù Ìbàdàn, kó gba ti Ifẹ̀, kó tún gba ti Èkó. Ó lè rí àyè gbà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ibì kan ṣoṣo ló máa lọ. Àyè méjì yòókù wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilé ìwé á fi wọlé, nígbà tí ọmọ mìíràn jókòó sílé láìrí ọ̀kan.

Nígbà tó fi máa di 1977, yunifásítì Nàìjíríà ti di 13, wàhálà náà sì ti pọ̀ jù. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wá ojútùú sí i, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni àjọ JAMB, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Michael Angulu ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 2017, JAMB gbé ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CAPS jáde. Láti ìgbà náà, orí CAPS ni gbogbo ìgbàwọlé gbọ́dọ̀ ti wáyé. Orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀ kò sí níbì kankan.

Àwọn ìgbìmọ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra

Èyí àkọ́kọ́ ni ìpàdé gbogbogbòò tí JAMB máa ń pè lọ́dọọdún. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, àwọn gíwá yunifásítì àti àwọn ọ̀gá àgbà politẹ́kíníìkì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí máàkì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 2025, nínú 400, wọ́n fi 150 sílẹ̀ fún yunifásítì, 140 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, 100 fún politẹ́kíníìkì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni. Wọ́n tún fi ọdún 16 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí tó kéré jù. Ilé ẹ̀kọ́ lè béèrè ju máàkì yìí lọ, àmọ́ kò lè gba ẹni tí tirẹ̀ bá dín.

Èkejì ni Sẹ́nétì, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, tí gíwá ń darí. Àwọn ló ń sọ ìlànà tí ilé ẹ̀kọ́ náà máa tẹ̀ lé. Tí òbí bá bi yín pé kí ló dé tí máàkì ilé ẹ̀kọ́ yín fi ga ju ti JAMB lọ, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ti fákọ́tì. Wọ́n ń yẹ iṣẹ́ tí ọmọ ṣe ní ilé ìwé girama wò, wọ́n sì ń wo iye àyè tí wọ́n ní. Àyè yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn sọ lẹ́nu o. Àjọ NUC ló ń pín in fún yunifásítì, NBTE fún politẹ́kíníìkì, NCCE fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo iye olùkọ́, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ohun èlò tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìgbìmọ̀ ìgbàwọlé ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́, níbi tí orúkọ láti fákọ́tì gbogbo ti ń pàdé. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ ni ìṣirò pàtàkì kan ti ń wáyé. Ká ní ẹ̀ka kan ní àyè 100. Àwọn tí máàkì wọn ga jù ló ni 45, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà mọ́ agbègbè ilé ẹ̀kọ́ náà ló ni 35. Ogún tó kù jẹ́ ti ọmọ àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin tó wà lágbègbè wa, ẹ fi èyí sọ́kàn: Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn, Ọ̀yọ́ ò sí níbẹ̀. Ọmọ méjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Ìgbòho, kí máàkì wọn dọ́gba, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ Kwara, kí èkejì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, kí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé sì yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ kọ sínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ ìgbàwọlé á gbé orúkọ sórí CAPS, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ á fọwọ́ sí i, JAMB á yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà á fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ò tíì parí síbẹ̀ o. Ọmọ gbọ́dọ̀ wọ CAPS fúnra rẹ̀, kó tẹ ibi tó ti máa sọ pé òun gbà. Ìgbà yẹn ló tó lè tẹ ìwé ìgbàwọlé JAMB jáde.

Àkọsílẹ̀ tí gbogbo yín jọ ń lò

IBASS: Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, òun ló gbapò ìwé ńlá tí JAMB ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ni, àwọn ìdánwò tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe fún un, àti kírẹ́díìtì tó gbọ́dọ̀ ní. Ẹ má fi orí sọ ọ́. Ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń béèrè.

CAPS: A ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń yá ara yín, kódà bí ọ̀gá bá ní ẹ bá òun tẹ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n bá fi orúkọ yín ṣe, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn fún un.

Ètò àyẹ̀wò èsì WAEC àti NECO: Àjọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ilé ẹ̀kọ́ ń gbà mọ̀ bóyá èsì tí ọmọ mú wá jẹ́ ojúlówó. Ẹ lò ó kí ọmọ tó sanwó, ẹ má dúró di ìgbà tó bá ti dé kíláàsì kẹta.

NELFUND: Àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ lóṣù karùn-ún ọdún náà. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún, owó ilé ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kò sì ní èlé. Àmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ò bá fi àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ ò lè rí i gbà. Ẹ béèrè ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ìwé àbẹ̀wò: Èyí ni àwọn tuntun máa ń fojú fò jù. Ó yẹ kí ìwé kan ṣoṣo wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń kọ ọ́ sí: ilé ìwé girama tí ẹ lọ, ọjọ́ tí ẹ lọ, ìbéèrè tí wọ́n bi yín, ìlérí tí ẹ ṣe. Láìsí èyí, òṣìṣẹ́ mẹ́ta lè lọ sí ilé ìwé kan náà n'Ìbàdàn láàárín oṣù kan, kí ẹnikẹ́ni má sì dé Ìgbòho lọ́dún mẹ́ta.

Ẹ rántí pé Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni láti 2023. Nọ́ńbà NIN ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, fóònù òbí rẹ̀, kò sí èyí tó yẹ kó wà nínú fóònù yín tàbí lórí WhatsApp.

Ibi tí orúkọ ti ń sọnù

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ọmọbìnrin kan wà ní Ìgbòho tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Máàkì rẹ̀ dáa. Ìgbà tó fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kò tíì ṣe WAEC, nítorí náà ó kọ ọ́ pé òun ń retí èsì. Èsì WAEC jáde, ó ní kírẹ́díìtì tó pé. Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó gbé èsì náà pamọ́ sínú àpótí, wọ́n ń retí ìwé ìgbàwọlé.

Ìwé náà ò ní dé. Èsì inú àpótí kì í ṣe èsì orí CAPS. Ó yẹ kí ọmọ náà lọ sí ilé ìdánwò kọ̀ǹpútà tí JAMB fọwọ́ sí, tàbí ọ́fíìsì JAMB, kí wọ́n bá a gbé e sókè. Tí ìgbìmọ̀ bá jókòó tí wọn ò rí èsì, wọn ò ní mọ̀ pé ọmọ náà yege. Wọ́n á kọjá lọ sórí orúkọ tó kàn.

Ibòmíràn tún ni ìdánwò tí ọmọ yàn. Nọ́ọ̀sì ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́místrì àti bàọ́lọ́jì nínú JAMB. Tí ẹnì kan nílé kọ̀ǹpútà bá ti bá a fi ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ rọ́pò físíìsì, máàkì 300 ò lè gbà á sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́n á tètè ṣí IBASS, á wo iṣẹ́ tí ìdánwò tí ọmọ náà ṣe bá mu, á sì sọ fún un kó ṣe àtúnṣe sí iṣẹ́ tó yàn kí àyè tó kún.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí wọ́n ti fún láyè tí kò mọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wà lóko, kò wọ CAPS láti sọ pé òun gbà. Ìpè fóònù kan láti ọ́fíìsì yín ló ń tún èyí ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀

Ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ Ìgbòho mọ̀. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ààfin kúrò n'Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán èèyàn ṣáájú láti ṣe bí ọ̀rọ̀ inú igbó, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Abípa ò sá. Ó rán ọdẹ lọ, wọ́n kó gbogbo wọn, ó hàn pé èèyàn lásán ni wọ́n. Ibẹ̀ ni orúkọ Ọba Mọ́rọ̀ ti wá.

Àwọn gbájúẹ̀ tó ń káàkiri lásìkò ìgbàwọlé dà bí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n á ní ìgbìmọ̀ ti ta gbogbo àyè, pé àfi kí òbí mú owó wá. Wọ́n tún lè mú ìwé ìgbàwọlé wá tí kò gba orí CAPS kọjá. Ọmọ náà lè jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin, àmọ́ lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ ṣe agùnbánirọ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni òbí tó ta ilẹ̀ tàbí màlúù á tó mọ̀ pé kò sí ohun tí òun rà. Ohun tí ẹ máa fi mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí CAPS lójú òbí, kó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí orúkọ ọmọ dé.

Ọ̀sẹ̀ yín àkọ́kọ́

Ẹ gba orúkọ akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí wọ́n máa jókòó. Ẹ kọ ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé síwájú ọjọ́ náà. Ẹ ka ìwé àbẹ̀wò ọdún méjì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ rí ìlú tí wọn ò dé. Ẹ fi IBASS wá iṣẹ́ márùn-ún tí àwọn ọmọ ń béèrè jù, kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń fẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó NELFUND. Tí ẹ bá sì ń bọ̀ ní Òkè-Ògùn, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ rédíò ṣáájú. Ọ̀pọ̀ òbí tí kò lè dé ọ́fíìsì yín ń gbọ́ wa lóko àti lọ́jà.

Ẹ̀yin òbí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé bá tún délẹ̀, ẹ fi "Ta ni ká lọ rí?" sílẹ̀. Ẹ béèrè pé: "Ṣé èsì ọmọ mi ti wà lórí CAPS? Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wo ni orúkọ rẹ̀ wà báyìí?" Òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn láìgba kọ́bọ̀.