Jab: ẹ̀ṣẹ́ kékeré tó ń wá imú kiri

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1892, ní New Orleans, akọ̀wé báńkì kan tẹ́lẹ̀ rí fi ọwọ́ òsì fọ́ imú ọkùnrin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé báwo ni jab ṣe ń yá, àtẹ̀yin tí imú yín ń ṣẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe sparring, ẹ fa àga súnmọ́. Inú ìtàn yìí ni ìdáhùn wà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: jab ni ẹ̀ṣẹ́ tí ọwọ́ iwájú ń sọ jáde tààrà. Kì í sábà gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀. Ó ń wọn àyè ni, ó ń dí ojú, ó ń dá ẹni tó ń rọ́ bọ̀ dúró. Imú ló sì sábà máa ń bá pàdé, torí òun ló yọ síta jù lójú èèyàn.

Ọkùnrin tí imú rẹ̀ fọ́ yẹn ni John L. Sullivan. Láti 1882 ni oyè ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1889, òun àti Jake Kilrain ja abala 75 ní Mississippi nínú oòrùn oṣù keje, láìwọ ìbọ̀wọ́. Lábẹ́ òfin àtijọ́ yẹn, ìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú ni abala tó parí, èèyàn sì lè di ẹnì kejì mú kó gbé e ṣánlẹ̀ bíi gídígbò. Ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán jà kì í sọ ẹ̀ṣẹ́ sí orí bí ẹní ń sọ òkúta sí máńgòrò. Agbárí le ju eegun ìka lọ.

Òfin Queensberry tó jáde ní 1867 ló yí i padà: ìbọ̀wọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún abala kan, ìsinmi ìṣẹ́jú kan. Àwọn èèyàn rò pé nítorí ojú ni wọ́n ṣe wọ ìbọ̀wọ́. Ká sòótọ́, ọwọ́ ẹni tó ń gbá ló dáàbò bò jù. Nígbà tí ọwọ́ ò tètè kán mọ́, èèyàn wá lè máa sọ jab láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà dópin. Imú wọ gàù.

James Corbett, ọmọ San Francisco, ló jẹ èrè rẹ̀ ní gbangba. Ọmọ ọdún 26 ni. Sullivan ti ń lọ sí 34, ó sì wúwo jù ú lọ dáadáa. Ní abala kìíní àti ìkejì, Corbett kàn ń yẹra fún un ni. Ní abala kẹta, ọwọ́ òsì jáde, imú Sullivan fọ́. Imú tó ti fọ́ yẹn ló fi ń mí títí dé abala 21, níbi tó ti ṣubú tí kò lè dìde mọ́.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Ọdún tó ṣáájú, ní oṣù karùn-ún 1891, Corbett bá Peter Jackson ja abala 61, kò sẹ́ni tó borí. Jackson yìí, aláwọ̀ dúdú ni, erékùṣù St. Croix ni wọ́n ti bí i, Australia ló ti di gbajúmọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tààrà kò ṣeé fojú di. Sullivan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní bá aláwọ̀ dúdú jà. Corbett náà gba oyè tán, òun àti Jackson kò jà fún un rí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa Jackson ní Queensland ní 1901, ọmọ ogójì ọdún. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Corbett nìkan ní bàbá ìjà ọgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ìyára. Ní 1969, ìwé ìròyìn Sports Illustrated ròyìn bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ wọn jab Muhammad Ali. Wọ́n gbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ínǹṣì 16 àbọ̀ sí i. Láti ìgbà tí àmì dé sí ìgbà tí pákó fọ́, ìdá 19 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ṣùgbọ́n nínú 19 yẹn, ìrìn ọwọ́ fúnra rẹ̀ ò ju 4 lọ. 15 tó kù, ojú ló ń rí, ọpọlọ ló ń ṣèpinnu.

Ẹ rò ó wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di irin mọ́wọ́ kí jab lè yá, orí 4 lẹ wà. Ẹ ti pa 15 tì. Ohun tó ń fi jab falẹ̀ kì í sábà jẹ́ àìlágbára. Èjìká tó le gbagidi ni, ẹ̀ṣẹ́ tẹ́ ẹ ti dì pọ́ kó tó kúrò nílé, ọwọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ìgúnpá tó yọ síta bí apá adìyẹ tó fẹ́ fò. Ẹ tú èjìká sílẹ̀. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ nígbà tó bá fẹ́ bà nìkan. Kẹ́ ẹ sì ní kí ẹnì kan máa gbé páàdì sókè láìsọ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa dá a lóhùn. Ojú lẹ ń kọ́ níbẹ̀.

Jab tún ní àbọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kà á sí: bíbọ̀ tí ọwọ́ ń bọ̀ wálé. Joe Louis san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kẹfà 1936, kò tíì sẹ́ni tó borí rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ náà. Max Schmeling láti Jámánì jókòó wo fíìmù ìjà rẹ̀, ó rí i pé tí Louis bá ti sọ jab tán, ọwọ́ òsì yẹn máa ń wálẹ̀ kó tó padà. Schmeling ń dúró de ihò yẹn, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí rẹ̀ kọjá. Louis ṣubú ní abala kẹrin, ó sùn ní ìkejìlá. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 1938, ìṣẹ́jú àáyá 124 péré ni Louis fi parí ẹ̀. Jab tó yá lọ tí kò yá bọ̀, gbèsè ni.

Ẹ máa bi mí pé Dick Tiger ńkọ́, tó lu Gene Fullmer ní Liberty Stadium Ìbàdàn ní 1963. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, hook rẹ̀ ló kàn mí jù.

Ẹ̀jẹ̀ wàyí. Ní iwájú ògiri tó pín imú sí méjì, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀, awọ tó bò wọ́n sì tín-ín-rín. Orúkọ oníṣègùn ará Jámánì kan, Kiesselbach, ni wọ́n fi pe ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ imú ti ń wá. Títẹ̀ ló ń dá a dúró, ó sì ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú kan péré ni igun ìjà ní. Nígbà ayé Sullivan, kò sí adrenaline tí wọn ì bá fi ràn án lọ́wọ́. 1901 ni Takamine, ará Japan tó ń gbé Amẹ́ríkà, kéde pé òun ti yọ ọ́. Òun ni wọ́n ń fi òwú kì bọ imú báyìí kí iṣan lè sún kì. Ní oṣù kẹsàn-án 1954, Ezzard Charles la imú Rocky Marciano ní abala kẹfà. Freddie Brown tó wà ní igun rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, Marciano sì mọ̀ pé ìjà náà lè bọ́ nígbàkigbà. Ó gbé Charles ṣubú ní abala kẹjọ.

Ìjà oyè nìyẹn o. Tiwa kì í ṣe ìjà oyè. Ní jíìmù kan tí mo ti kọ́kọ́ ń gba ẹ̀kọ́, kóòṣì máa ń ní ká gbé orí sẹ́yìn, ká gbé ẹ̀jẹ̀ mì, ká máa bá a lọ, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń di akọni. Ọmọbìnrin kan bì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọ̀fun, ikùn ló ń lọ, ikùn kò sì fẹ́ ẹ. Ẹ dá sparring dúró. Ẹ jókòó, ẹ tẹ orí síwájú, ẹ fún ibi tó rọ̀ ní imú pọ̀, kì í ṣe eegun òkè, ẹ máa fi ẹnu mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ẹ má yọ́ ọwọ́ wò ó. Ẹ má fun imú: tí eegun bá ti sán, afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọ abẹ́ awọ ojú, kí ojú wú pa dé. Tí kò bá dá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí imú bá wọ́, tí omi mímọ́ gaara bá ń jáde, tàbí tí inú imú bá wú tó dí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má sùn lé e. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ògiri yẹn lè jẹ eegun rírọ̀ rẹ̀.

Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ní gbòǹgbò ní Ṣágámù, mọ̀ nípa imú. Ní oṣù kẹwàá 2017 ní Cardiff, orí Carlos Takam gbá a nímú ní abala kejì. Ó fi imú tó wú yẹn jà dé abala kẹwàá kí rẹfirí tó dá ìjà dúró fún un. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní Cardiff kan náà, ó pàdé Joseph Parker. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni máa bá a dé abala kejìlá láti ìgbà tó ti ń fi ìjà jẹun. Ọwọ́ iwájú ló fi ń jà jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún un.