Ṣeun Àdìgún: Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó gbé Nàìjíríà dé orí yìnyín

Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Ṣeun Àdìgún sí ní 1987. Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀ ti wá. Eré ìje mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi ló kọ́kọ́ ń sá. Ó gba góòlù Áfíríkà ní 2010, ó sì sáré fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London 2012.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí bobsled, ọkọ̀ orí yìnyín tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á sáré tì í, wọ́n á fò sínú ẹ̀, á wá máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ geere. Pákó ló fi kan èyí tí wọ́n fi ń dánra wò, nínú gáréèjì ní Houston. Àwọn èèyàn dáwó fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2018, òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga dé Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang, Gúúsù Kòríà. Áfíríkà ò gbé bobsled débẹ̀ rí. Àwọn ló ṣe ìkẹyìn, àmọ́ àwọn náà ló ṣíde.

Àwa tá à ń bímọ sí Lọ́kọ́ja mọ̀ ọ́n: níbí, wọ́n ní àlejò lọmọ wa; nílé, wọ́n ní ará ìdálẹ̀ ni. Àdìgún ò dúró kí ẹnikẹ́ni júwe ilé fún òun. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ẹ̀ fáwọn ọmọ wa.