Ọ̀nà Tí Àgùntàn Là Sílẹ̀

Bí òtútù bá ti ń mú nílẹ̀ Yúróòpù, àwọn ará Jámánì, Họ́láńdì àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ a máa gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe ilé, èyí tó ní ibùsùn, sítóòfù àti balùwẹ̀ nínú, wọ́n á sì dorí kọ gúúsù ilẹ̀ Sípéènì. Àwọn mìíràn a gba títì N-630, tí ó ti ìlú Gijón ní etí òkun àríwá lọ títí dé Sevilla. Wọ́n á gun òkè Béjar kọjá, wọ́n á já sí pápá Extremadura, níbi tí koríko ti ń hù lábẹ́ igi óàkù nígbà tí òjò dídì bá ti bo òkè León mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe àwọn onímọ́tò wọ̀nyí ló kọ́kọ́ sá fún òtútù gba ibẹ̀ o. Àgùntàn ni.

Lókè àríwá, kò sí koríko lásìkò òtútù. Ní gúúsù ẹ̀wẹ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn a jó koríko gbẹ. Kí ni darandaran yóò ṣe? Ó pín ọdún sí méjì. Tó bá di oṣù kẹwàá, ó da ẹran sọ̀ kalẹ̀; tó bá di oṣù karùn-ún, ó dà wọ́n padà. Ìrìn náà lè gbà tó oṣù kan. Ajá ńláńlá a máa bá wọn rìn, irin ṣóṣóró yí ọrùn wọn ká, nítorí ọrùn ni ìkookò máa ń dì mú.

Ní 1273, Ọba Alfonso Kẹwàá fún ẹgbẹ́ àwọn darandaran, tí à ń pè ní Mesta, ní àṣẹ àti ẹ̀tọ́. Òfin ní kí ọ̀nà ńlá wọn fẹ̀ tó 90 vara, ìyẹn nǹkan bíi mítà 75. Cañada real, ọ̀nà ọba, ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá gbin nǹkan sórí ọ̀nà ọba, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Kí ló dé tí ọba fi gbè sẹ́yìn àgùntàn tó báyìí? Owó ni! Irun àgùntàn merino kúnná, ó sì fẹ́lẹ́. Àwọn ahunṣọ Flanders ń dù ú rà. Ọba sì ń gba owó orí lórí ẹran tó bá kọjá. Ní nǹkan bí 1520, àgùntàn Mesta ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní 1501 pàápàá, Ferdinand àti Isabella pàṣẹ pé ilẹ̀ tí ẹran Mesta bá ti ń jẹ̀, kí onílẹ̀ má lé wọn, kí ó má sì fi kún owó ilẹ̀. Háà! Onílé tí kò lè lé ayálégbé, ṣé ó ṣì ń jẹ́ onílé? Àwọn àgbẹ̀ kò gbàgbé ìyà náà.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ní 1765, ọba fi merino ta Saxony ní Jámánì lọ́rẹ, Sípéènì nìkan kò sì ni ín mọ́. Ní 1836 ni ìjọba tú Mesta ká. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgùntàn. Ẹsẹ̀ dá lórí ọ̀nà, ni àwọn kan bá ń ro ó, àwọn kan ń kọ́lé sórí rẹ̀, wọ́n da ọ̀dà sórí òmíràn.

Ní 1993, Jesús Garzón tún da agbo àgùntàn gba ọ̀nà àtijọ́ náà, kí aráyé lè rí i pé ó ṣì wà. Lọ́dún 1995, òfin tuntun jáde: nǹkan bíi 125,000 kìlómítà ọ̀nà àgùntàn di ti gbogbo ìlú, ẹnikẹ́ni kò lè tà á. Láti 1994 ni àgùntàn sì ti ń gba àárín ìgboro Madrid kọjá nínú oṣù kẹwàá, tí darandaran ń san 50 maravedí lórí ẹgbẹ̀rún àgùntàn, bí àdéhùn 1418 ti wí. Owó tí kò ra nǹkan kan mọ́ ni, ṣùgbọ́n rìsíìtì ẹ̀tọ́ ni.

Òfin 1995 gba ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ láàyè lórí ọ̀nà náà. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Àfi kó gbàṣẹ. Nítorí náà, kí onímọ́tò máa gba orí ọ̀dà tirẹ̀ lọ. Bó bá rí ilẹ̀ koríko gbọọrọ tó ń bá títì rìn, kó mọ̀ pé ìgbẹ́ lásán kọ́. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ̀tọ́ tí a kò bá sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀, oko ẹlòmíràn ni yóò dà.