Ẹsẹ̀ Tàbí Iná: Ìtàn Ẹ̀rọ Ìránṣọ Láàárín Wa

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí dé etí ọ̀sà ní Ogun Waterside, kò sí ìlú tí a kò ti lè rí aránṣọ. Nígbàkúùgbà tí ọmọ-iṣẹ́ kan bá sì gba òmìnira, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí rẹ̀ ń bá pàdé: irú ẹ̀rọ wo ni kí a rà fún un? Ṣé ti àtijọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni, tàbí ti ìgbàlódé tí iná mànàmáná ń darí? Ọ̀ràn kékeré kọ́ ni èyí, nítorí ẹni tí ó bá ṣi ẹ̀rọ rà lè ní iṣẹ́ lọ́wọ́ síbẹ̀ kí ó máa jókòó lásán. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè kí a tó dáhùn.

Kí ẹ̀rọ tó dé, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni gbogbo ayé ń lò. Òun ni àwọn baba wa fi ń rán aṣọ òfì pọ̀ mọ́ ara wọn di agbádá. Ní ọdún 1830, ará Faransé kan, Barthélemy Thimonnier, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rù ba àwọn aránṣọ ìlú Paris pé ebi yóò pa wọ́n. Wọ́n ya wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 1831, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà túútúú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ní 1846, Elias Howe ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ olówùú méjì, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn nínú aṣọ. Isaac Singer gba tirẹ̀ ní 1851. Láti 1856 ni ilé-iṣẹ́ Singer ti ń gba owó ẹ̀rọ ní díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, èyí ni ó sì mú un wọ ilé mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1913 nìkan, ilé-iṣẹ́ wọn ní Clydebank ní Scotland ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Anna Hinderer, tí ó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ní aṣọ rírán. Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn sé ọ̀nà mọ́ òyìnbó àti oníwàásù títí di oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni ìjọ àti ilé-ìwé pọ̀ láàárín wọn, àwọn tí ń fẹ́ aṣọ rírán sì pọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí tàbí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ó bá ìgbà náà mu. Kò bèèrè iná. Epo díẹ̀ tó fún un, bí ó bá sì bàjẹ́, alátùn-únṣe àdúgbò lè fi ojú rí ohun tí ó ṣe é.

Ní 1975 ni Singer gbé ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Athena 2000 jáde, èyí tí ọpọlọ iná ń darí. Kí a má purọ́ mọ́ irú rẹ̀: a ó tẹ bọ́tìnnì, yóò sì ṣe oríṣìíríṣìí ọnà àti ojú bọ́tìnnì láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n iná tí ń pọ̀ lójijì tí ó sì ń dínkù lójijì lè jó ọpọlọ náà, alátùn-únṣe tí ń lo ayùn irin àti epo kò sì lè wò ó sàn.

Nítorí náà, kí a má fi ọjọ́ orí ẹ̀rọ ṣe ìdájọ́ rẹ̀; ibi tí agbára rẹ̀ àti àtúnṣe rẹ̀ yóò ti wá ni kí a wò. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì ti wà láti 1982, aránṣọ tí ó ní iná tí kò ń ṣẹ́jú, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń bẹ̀ níṣẹ́ ọnà, lè jèrè ẹ̀rọ tuntun. Ní Ogun Waterside, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti lo ọdún púpọ̀ láìrí iná ìjọba, ẹni tí ó rà á ní láti ra jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì. A lè so mọ́tò kékeré mọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Bí iná bá lọ, a ó dá okùn awọ rẹ̀ padà, ẹsẹ̀ yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí ni a rò pé ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Kí ó fi èrè rẹ̀ ra ti ọlọ́pọlọ bí iṣẹ́ bá ti ń bèèrè rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí òbí bá wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ta ni yóò tún un ṣe ní ìlú yín?