Ìdí Tí Mọ́tò Tó Ń Lo Gáàsì Nìkan Kò Fi Wọ́pọ̀

Ọ̀kan nínú wa tó ń wa tákísí ní Aba Road ló bi wá ní ìbéèrè lọ́jọ́ ìpàdé. Ó fẹ́ gbé sìlíńdà gáàsì sínú mọ́tò rẹ̀, ó wá ní ṣé kí mẹkáníìkì kúkú yọ táńkì epo dànù, kí sìlíńdà bọ́ sí ipò rẹ̀, kí búùtù òun lè ṣófo fún ẹrù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, torí orí gáàsì la ń gbé níbí.

Ní 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, ní 1958 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó o lọ sókè òkun. Gáàsì bá epo jáde, wọ́n ń fi iná sun ún. Ní 1979 ìjọba ṣòfin pé kí èyí dópin ní 1984. Ẹni tó bá gba East-West Road lálẹ́ mọ bí òfin yẹn ṣe rí.

Kí ló dé tí a ò fi gáàsì wa mọ́tò látìgbà yẹn? Epo ló pọ́ọ́kú jù. Ní 1978, lítà kan jẹ́ kọ́bọ̀ 15.3. Ní 1986 ó di 39.5, ní 1991 ó di 70. Ta ló máa náwó sórí sìlíńdà nígbà tí kọ́bọ̀ ń ra epo? Gáàsì ìdáná tí wọ́n ń pè ní LPG gan-an, 2007 ni NLNG ní Bonny ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tà á fún wa nílé. Fún ọdún púpọ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí Apapa. Ẹ gbọ́ ná: gáàsì Bonny, ó di Èkó, kí táńkà tó tún gbé e padà sápá ọ̀dọ̀ wa!

Ẹ́ńjìnnì náà ní tirẹ̀. Omi ni LPG nínú sìlíńdà, ó gbọ́dọ̀ di afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ooru ló sì ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò fún un. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù láàárọ̀, epo ló máa fi gbéra, tó bá gbóná tán ló máa bọ́ sórí gáàsì. Sìlíńdà náà kì í kún ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, lítà gáàsì kan ò sì gbé mọ́tò jìnnà tó lítà epo.

Èyí tó burú jù ni ti ojú ọ̀nà. Tí epo bá tán ní Ahoada, ọlọ́kadà á gbé jẹ́rìkàn lọ rà á wá. Ta ló máa gbé gáàsì sínú jẹ́rìkàn?

Àwọn tó ń lo LPG nìkan wà o. Tákísí Hong Kong, Japan àti South Korea ni, torí ìgboro ni wọ́n ń yí, ilé gáàsì ò sì jìnnà sí wọn. Ní Australia, Ford ṣe Falcon tó ń lo LPG nìkan títí di 2016.

Níbí, Ààrẹ Buhari ṣí ètò autogas ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2020. Ní 2021, owó gáàsì ìdáná fò sókè, àwọn ìyàwó wa ń pariwo. Ìkòkò àti mọ́tò á wá máa du gáàsì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, lítà kúrò ní nǹkan bíi náírà 185, ó sún mọ́ 500. CNG ni ìjọba wá gbé lárugẹ. Ọ̀tọ̀ ni CNG, agbára tí wọ́n fi ń tì í wọ sìlíńdà ju ti gáàsì ìdáná lọ fíìfíì. Ní oṣù Kẹwàá 2024, mọ́tò kan bú gbàmù ní Benin níbi tó ti ń ra CNG. Wọ́n ní wẹ́dà ló jó sìlíńdà rẹ̀, kì í sì í ṣe ti CNG rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é!

A sọ fún ọ̀rẹ́ wa pé kó fi táńkì epo rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Ó ní ẹrù òun ńkọ́? A ní kó lọ ra káríà orí mọ́tò ní Ikoku.